Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ mẹ́ta, ìrìn àjò sí Adó-Èkìtì: férémù wo ló bá mi mu?

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Bí a bá ti gba ọlidé ọdún Kérésì, mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ bá ìyá mi àgbà ní Adó-Èkìtì. Ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ ni Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀, Iléṣà, Ìta-Awurẹ́, Ẹ̀fọ̀n Alààyè, Aramọkọ. Mi ò fẹ́ sáré rárá. Mo fẹ́ máa dúró sùn lọ́nà, kí n sì gbé aṣọ, omi, ìwé díẹ̀ àti ẹ̀bùn màmá dání. Ẹrù náà á tó kílò 15.

Mo ga ní sẹ̀ǹtímítà 163. Ọkùnrin kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ nítòsí Ìwó Road ní mẹ́ta nílẹ̀, owó wọn ò sì jìnnà síra.

Èkíní ni Dawes Galaxy, kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, onírin, tí hándù rẹ̀ ká wálẹ̀. Wọ́n lẹ Reynolds 531 mọ́ ọn lára. Mo wọn páìpù ìjókòó rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 58 ni. Èkejì ni mountain bike àtijọ́, onírin, kò ní ṣọ́ọ̀kì, táyà 26, páìpù ìjókòó rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó. Ẹ̀kẹta ni hybrid (àdàpọ̀ kẹ̀kẹ́ títì àti mountain bike) alumíníọ́mù, táyà 700C, ṣọ́ọ̀kì wà níwájú, bíréèkì rẹ̀ jẹ́ díìsì tó ń lo epo, férémù 50.

Ọkàn mi wà lára èkíní. Ó rẹwà, ẹ ò lè gbàgbọ́. Ẹni tó ń tà á ní kí n kàn rẹ ìjókòó sílẹ̀, pé á bá mi mu. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àti pé àwọn ẹ̀yà wo ni kí n pààrọ̀ kí n tó gbéra?

Ọmọ_Bódìjà

Ẹ ra Galaxy yẹn, mà. Irú irin 531 yẹn ṣọ̀wọ́n báyìí. Ìjókòó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, hándù náà ṣeé gbé sókè. Kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò gidi ni, ìrìn àjò lẹ sì fẹ́ rìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á mọ́ yín lọ́wọ́.

Bàbá_Sípóòkì

Tíṣà, ọmọ mi, má ì tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, rímù àti sípóòkì sì ni apá tí mo mọ̀ jù níbẹ̀. Òótọ́ ni ọmọ Bódìjà sọ nípa irin náà. Láti ọdún 1935 ni ilé iṣẹ́ Reynolds ní Birmingham ti gbé 531 jáde, àwọn àgbà oníkẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń bọ̀wọ̀ fún un títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 180 ni wọ́n ṣe férémù 58 fún.

Ìjókòó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, kò sí ẹni tó ń jiyàn ìyẹn. Páìpù òkè ńkọ́, èyí tó ti abẹ́ ìjókòó lọ sí abẹ́ hándù? Ìyẹn kò ní sún rárá. Lórí férémù 58, ó máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 57. Fún ẹni tó ga bíi tìrẹ, pẹ̀lú hándù tó ká wálẹ̀, 52 sí 53 ló dára. Bí o bá rẹ ìjókòó dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, gígùn yẹn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Wàá máa nà gàgà láti àárọ̀ dalẹ́. Kó o tó dé Ìkirè, ọrùn á ti máa ro ọ́. Kó o tó dé Ifẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ á ti kú. Stem kúkurú, ìyẹn irin tó so hándù mọ́ férémù, lè gbà ọ́ ní sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta, bó o bá sì ti gé e jù bẹ́ẹ̀ lọ, hándù á máa yà kiri lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú ẹrù níwájú.

Gíga rẹ̀ náà ń kọ́? Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró lójijì, ẹsẹ̀ méjèèjì ló yẹ kó kanlẹ̀ láìjẹ́ pé páìpù òkè kàn ọ́. Páìpù òkè férémù 58 a máa ga tó sẹ̀ǹtímítà 82 sílẹ̀. Ọjọ́ tí tírélà bá tì ọ́ bọ́ sí etí títì lọ́nà Iléṣà, tí títì sì ga ju ilẹ̀ ibẹ̀ lọ, kò ní sí àyè láti máa wá ibi tí ẹsẹ̀ á gbé.

Kí á tó sọ jù bẹ́ẹ̀, lọ wọn ẹsẹ̀ rẹ. Bọ́ bàtà, fẹ̀yìn ti ògiri, fi ìwé ẹlẹ́yìn líle kan há itan, kí o gbé e sókè títí tí á fi kàn ọ́ gírígírí bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń kan èèyàn. Kí ẹnìkan fàmì sára ògiri níbi tí ẹ̀yìn ìwé dé. Wọn ọ́n láti ilẹ̀. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí o mú nọ́ńbà náà wá.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Leeds

Ẹ kú àtàárọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un díẹ̀ nípa hybrid yẹn, torí èmi náà ò ga, 160 ni mí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni mo sì ti ń gbé ẹrù lórí kẹ̀kẹ́.

Lórí férémù kékeré, táyà 700C máa ń sún mọ́ pẹ́dà jù. Bí mo bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ tí mo sì yà hándù, ìka ẹsẹ̀ mi á kan mọ́gáàdì iwájú. Lórí títì tó tẹ́jú kò ṣe nǹkan. Lórí òkè, níbi tí èèyàn ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó lè gbé èèyàn ṣubú. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Surly, nígbà tí wọ́n ń ṣe kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò wọn, Long Haul Trucker, fi táyà 26 sí àwọn férémù kékeré. Àbúrò, tí o bá lọ wo kẹ̀kẹ́ èyíkéyìí, gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà kó wà níwájú gan-an, kí o wá yí hándù wò.

Wo ẹ̀yìn pẹ̀lú. Láti àárín kíráńkì (irin tí pẹ́dà so mọ́) dé àárín ákísù ẹ̀yìn, sẹ̀ǹtímítà 43 ni mo gbà pé ó kéré jù fún báàgì ẹ̀gbẹ́. Bó bá kúrú jù ìyẹn, gìgísẹ̀ rẹ á máa gbá báàgì ní gbogbo ìgbà tí o bá tẹ pẹ́dà.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi ní Leeds. Ọmọ kíláàsì mi àtijọ́ kan ló bá mi fàmì sógiri. 76 ni lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ó dùn mí díẹ̀ nípa Galaxy, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ṣé èkejì yẹn lẹ ń tọ́ka sí? Ó ti gbó lójú o.

Bàbá_Sípóòkì

Òun ni mò ń tọ́ka sí. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

76 lọ́nà 0.65, nọ́ńbà tí àwa oníkẹ̀kẹ́ fi ń wá férémù láti ara gígùn ẹsẹ̀, jẹ́ 49.4. Kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò tí páìpù òkè rẹ̀ tẹ́jú, 49 sí 51 ni tìrẹ. Mountain bike máa ń kéré sí ìyẹn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí ibi kíráńkì rẹ̀ ga sílẹ̀ jù, wọ́n sì fẹ́ kí àyè wà lábẹ́ ẹni tó ń gùn ún. Íǹṣì 16 jẹ́ 40.6. Ó bọ́ sí i. Páìpù òkè rẹ̀ lè gùn tó 54 tàbí 55, má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà ọ́: hándù tó tẹ́ kì í na ọwọ́ síwájú tó èyí tó ká wálẹ̀. Stem gígùn ni wọ́n sábà máa ń fi sára àwọn kẹ̀kẹ́ 1990 sí 1995 yẹn, nítorí náà wá èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 8, tó gbé hándù sókè díẹ̀.

Fún ìjókòó, 76 lọ́nà 0.883 jẹ́ 67. Láti àárín ibi tí kíráńkì ti ń yí dé orí ìjókòó ni o máa wọ̀n ọ́n. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí iwájú orúnkún bá ń dùn ọ́, gbé e sókè díẹ̀; bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, fi í sílẹ̀. Ohun tí ọmọ Leeds sọ ti tó, àti pé èmi kì í fẹ́ fi bíréèkì elépo ránṣẹ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní lè tún un ṣe bí rọ́bà rẹ̀ bá ya. Ṣọ́ọ̀kì iwájú náà kì í jẹ́ kí káríà rí ibi dúró. Bíréèkì wáyà tó ń há rímù, wáyà rẹ̀ wà níbi gbogbo.

Báyìí, bó o ṣe máa yẹ èkejì wò. Mú òwú gígùn, rúlà, tọ́ọ̀ṣì àti sípánà dání.

So òwú mọ́ ibi tí ákísù ẹ̀yìn ń wọ̀ lápá òsì, fà á lọ síwájú, kó gba iwájú orí férémù níbi tí fọ́ọ̀kì ti wọlé, kí o fà á padà sẹ́yìn lápá ọ̀tún. Fi rúlà wọn àyè tó wà láàárín òwú àti páìpù ìjókòó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó bá fi mìlímítà kan tàbí méjì yàtọ̀, kò burú. Bó bá di márùn-ún, férémù ti wọ́, kẹ̀kẹ́ náà ti ṣubú rí tàbí ẹrù ti wó lù ú nínú kọ̀ńténà. Lẹ́yìn ìyẹn, fọwọ́ pa abẹ́ páìpù ìsàlẹ̀, níwájú pátápátá, lẹ́yìn orí férémù. Bí ibẹ̀ bá hunjọ tàbí ó wú, ó ti fi iwájú kọlu nǹkan. Má ṣe náwó sí i, kódà bí wọ́n bá ní kí o gbé e lọ́fẹ̀ẹ́.

Tú òpó ìjókòó, kí o fà á yọ pátápátá níwájú ẹni tó ń tà á. Òpó tí kò bá yọ ti dípẹtà mọ́ férémù, gbogbo ìṣirò 67 tí a ṣe yìí á sì di asán. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú páìpù. Bó pọ́n díẹ̀, kò séwu. Bí ìpẹtà bá ń bó wẹ́wẹ́ tó ń dà sílẹ̀ nígbà tí o bá gbá férémù, ó ti jẹ irin náà débi tí mi ò lè fi ọmọ mi lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ rímù ẹ̀yìn ló kù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí owó rẹ lọ. Pẹ̀lú káríà ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ìwúwo pọ̀ sí jù, tìrẹ àti ti ẹrù. Sípóòkì 36 ni mo máa ń fẹ́ lẹ́yìn, 32 tó níwájú fún ẹni tí kò wúwo. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rékọjá mẹ́ta mìíràn kó tó dé rímù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sípóòkì tó le jù ló ń já. Èyí tó dẹ̀ ni, ọmọ mi. Bí táyà bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, á dẹ̀, á tún fà, á dẹ̀, á tún fà, títí irin á fi ṣẹ́ níbi tó ti tẹ̀ kọ́ họ́ọ̀bù, àárín rímù tí ákísù gbà kọjá. Nítorí náà mo máa ń fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fetí sí wọn bí onílù ṣe ń fetí sí ọṣán dùndún. Apá ọ̀tún lẹ́yìn, níbi gíà, á máa dún sókè ju apá òsì lọ, torí gíà ti gba àyè, rímù sì gbọ́dọ̀ wà láàárín férémù. Ìyẹn kò léwu. Ẹyọ kan tó bá ń dún wálẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí o máa wá. Ẹni tó bá to rímù fún ọ tí kò ta á gbọ́, tí kò sì fi ọwọ́ méjèèjì fún àwọn sípóòkì pọ̀ ní méjì méjì kí wọ́n lè jókòó dáadáa, kò tíì parí iṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn ń gba ọ̀sán kan gbáko, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Fi etí rúlà lé ògiri rímù níbi tí bíréèkì ń gbá. Bó bá ti jẹ wọnú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà kọjá, rímù ti tán. Eruku ọyẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ rọ́bà bíréèkì máa ń ha á, ẹrẹ̀ ìgbà òjò sì burú ju ìyẹn lọ.

Yẹ họ́ọ̀bù náà wò pẹ̀lú. Yí gíà sẹ́yìn, kí o wo àárín rẹ̀ níbi tí irinṣẹ́ ti ń wọ̀. Bí ibẹ̀ bá ń yí pẹ̀lú eyín gíà, kásẹ́ẹ̀tì ni. Bí eyín bá ń yí tí ibẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, fíríwíìlì tí wọ́n dè mọ́ họ́ọ̀bù ni. Sọ èyí tó jẹ́ fún mi.

Ọmọ_Bódìjà

Bàbá, mo gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, gíà ńkọ́? Òkè Ẹ̀fọ̀n yẹn kì í ṣe kékeré.

Bàbá_Sípóòkì

Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ní eyín 24 níwájú fún èyí tó kéré jù, 28 lẹ́yìn fún èyí tó tóbi jù. Lórí táyà 26 tó sanra díẹ̀, bí o bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á lọ ní mítà 1.77. Láìsí ẹrù, ó tó. Pẹ̀lú kílò 15, láti Ìta-Awurẹ́ sókè, orúnkún á sanwó rẹ̀. Bí Tíṣà bá fi 22 síwájú, 34 sẹ́yìn, á di mítà 1.34, ara á sì tù ú. Kí ó rí i pé dẹ̀réélọ̀ ẹ̀yìn, ohun tó ń sún ṣéènì láti gíà kan sí òmíràn, jẹ́ èyí tí apá rẹ̀ gùn, tó lè gba 34, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣéènì á há. Fún lílo gíà, lífà orí hándù tí kì í dún kẹ́ kẹ́ láti gíà dé gíà, tí èèyàn fi àtàǹpàkò tì títí gíà á fi bọ́ síbi tó yẹ, ni mo yàn. Ó ń bá iye gíà èyíkéyìí ṣiṣẹ́.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Mo ti lọ, Bàbá. Ó tó wákàtí kan tí mo fi wà nídìí rẹ̀, ẹni tó ń tà á ń wò mí bí ẹni pé ọlọ́pàá ni mí. Òwú fi mìlímítà kan péré yàtọ̀. Òpó ìjókòó yọ. Inú páìpù pọ́n díẹ̀, nǹkan kan ò dà sílẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ mi ò kan táyà iwájú. Láti kíráńkì dé ákísù jẹ́ 43. Mo dúró lórí páìpù òkè, àyè wà dáadáa. Mo ti rà á.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí gíà sẹ́yìn, àárín rẹ̀ ò yí. Gíà méje ló wà lẹ́yìn. Ṣé ohun tí ò dára nìyẹn?

Bàbá_Sípóòkì

O ṣe é bí ọ̀gá. Fíríwíìlì ni. Nínú irú họ́ọ̀bù yẹn, bọ́ọ̀lì bẹ́ríǹgì apá ọ̀tún jìnnà sínú, gbogbo ibi tí gíà wà sì jẹ́ ákísù lásán tí nǹkan kan ò gbé ró. Bí gíà bá di méje, ibẹ̀ gùn jù, ẹrù á tẹ ákísù náà tàbí kó ṣẹ́ ẹ. Kásẹ́ẹ̀tì gbé bọ́ọ̀lì rẹ̀ lọ sí etí, lẹ́bàá férémù. Nítorí náà ra họ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì oníhò 36, tó fẹ̀ ní mìlímítà 135, pẹ̀lú gíà mẹ́jọ, 11 sí 34. Bí ẹ̀yìn férémù rẹ bá jẹ́ 130, irin ni, á fẹ̀ fún mìlímítà 2.5 lápá kọ̀ọ̀kan nígbà tí o bá ń ti rímù wọlé. Alumíníọ́mù lèèyàn ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Táyà 26 × 1.95. Tíúbù tí fáàfù rẹ̀ jẹ́ irú ti mọ́tò, kí fọ́gánáísà èyíkéyìí lọ́nà lè fún ọ ní atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n sọ fún un kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀rọ rẹ̀ lè bẹ́ tíúbù kẹ̀kẹ́ kó o tó ṣẹ́jú. 45 psi níwájú, 50 lẹ́yìn. Káríà irin ni kí o rà: bó bá ya, wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á jó o. Férémù ni kó má fọwọ́ kàn pẹ̀lú iná mànàmáná, páìpù rẹ̀ tín-ín-rín jù. Ohun tó bá wúwo, ìwé yẹn àti ìgò omi, kó wà nísàlẹ̀ báàgì, kí òsì àti ọ̀tún dọ́gba.

Fún ṣéènì, rúlà ilé ìwé rẹ tó. Íǹṣì kan ni ojú méjì rẹ̀, nítorí náà ojú 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 12 gééré. Bó bá ti kọjá ìlà ìdá kan nínú 16, pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, fi àkísà nù ún lálaalẹ́ kó o tó ta epo sí i, kékeré báyìí.

Mo lè bá ọ to rímù ẹ̀yìn náà bí o bá gbé e wá kí ọlidé tó bẹ̀rẹ̀. Kí o tó ra sípóòkì, wo ohun tí wọ́n kọ sára rímù àtijọ́ náà, ka ihò rẹ̀ bóyá 32 ni tàbí 36, kí o sì fi àwòrán họ́ọ̀bù tuntun ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìwọ̀n etí rẹ̀ méjèèjì níbi tí ihò sípóòkì wà. Gígùn sípóòkì ọ̀tún àti ti òsì kì í dọ́gba.